Okùn Ọrùn Kò Yẹ Adìẹ: Irú Kóòtù Wo Ló Bá Oòrùn Ìbàràpá Mu?

Àwọn àgbà ní ohun tó yẹ ni ló yẹ ni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Ọ̀rọ̀ okùn ọrùn la bá wá lónìí, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀wù tó máa ń bá a rìn, ìyẹn kóòtù. Nínú èdè wa, orúkọ kan náà ni kóòtù tí a ń wọ̀ àti kóòtù tí adájọ́ ń jókòó sí ń jẹ́. Kò yà wá lẹ́nu, nítorí pé méjèèjì ló ń mú ènìyàn làágùn.

Bí ọjọ́ ìgbékalẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí bá ti ń sún mọ́lé, tàbí tí wọ́n bá ní ká lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ láàárín àwa ọkùnrin ni pé, "Ta ló ní kóòtù tí mo lè yá?" A kì í béèrè irú aṣọ tí wọ́n fi rán an. A kì í béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Kó ṣáà ti jẹ́ dúdú, kó sì ní bọ́tìnnì. Èrò tiwa rèé: kóòtù kì í ṣe ọ̀tá wa, ṣùgbọ́n kóòtù tí wọ́n rán fún ilẹ̀ òtútù kò yẹ ẹni tó ń rìn nínú oòrùn Ìgbò-Ọrà àti Èrúwà. Ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ṣe ń yan èyí tó fúyẹ́, kí àwọn tó ń ṣòfin ìmúra sì kà á sí aṣọ iṣẹ́ gidi.

Oòrùn Ìbàràpá àti òógùn ọmọ ènìyàn

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ìbàràpá. Láti Èrúwà sí Lánlátẹ̀, láti Ìgbò-Ọrà sí Ìdèrè, igi kò dí bí ti ìhà Oǹdó, àpáta sì pọ̀. Àpáta a máa gba oòrùn sára ní ọ̀sán, a sì máa tú ooru náà jáde ní ìrọ̀lẹ́. Oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ni ooru máa ń mú jù, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Bí òjò bá wá dé tán, ooru mìíràn ló kù, èyí tí omi wà nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀, tí òógùn kì í fi í tètè gbẹ lára. Àsìkò ọyẹ́ nìkan, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìn-ín-ní, ni òwúrọ̀ máa ń tutù débi pé ènìyàn á fẹ́ nǹkan bo apá. Bó bá fi máa di agogo mọ́kànlá, oòrùn ti gba ipò rẹ̀ padà.

Òógùn ni fáànù tí Ọlọ́run fi sí ara wa. Bó bá ń gbẹ, ara á máa tutù. Ẹ̀wù tí kò bá jẹ́ kó gbẹ ti pa fáànù náà nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kóòtù ọjà ń ṣe gan-an nìyí. Ẹ tú ọ̀kan wò. Aṣọ ìta wà níbẹ̀. Aṣọ líle tí télọ̀ fi gbé àyà rẹ̀ dúró wà lábẹ́ rẹ̀. Fóòmù wà ní èjìká. Láínì tó ń dán sì wà nínú pátápátá. Láínì yìí, pọ́lísítà ló sábà máa ń jẹ́, inú epo rọ̀bì ni wọ́n sì ti ń mú pọ́lísítà jáde. Kì í fa omi mu bí òwú. Ẹ fi ṣẹ́ẹ̀tì àti síńgílẹ́ẹ̀tì kún un, ẹ ó rí i pé aṣọ márùn-ún ló wà lórí àyà ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbejì ṣàpẹẹrẹ, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Ìgbò-Ọrà là ń sọ. Ká ní Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ gun ọ̀kadà láti Ìgbò-Ọrà lọ sí Èrúwà ní agogo méjìlá ọ̀sán nínú oṣù Kẹta. Táíwò wọ kóòtù dúdú tó ní láínì. Kẹ́hìndé wọ jákẹ́ẹ̀tì òwú tí kò ní láínì. Atẹ́gùn kan náà ló ń fẹ́ sí wọn. Ti Táíwò ń yọ̀ kọjá lórí aṣọ bí omi lórí ewé kókò. Ti Kẹ́hìndé ń wọlé, ó ń gbẹ òógùn, ó sì ń jáde. Bí wọ́n bá dé Èrúwà tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù òkè, ẹ wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì àwọn méjèèjì. Ìyá kan náà ló bí wọn, aṣọ ló yà wọ́n.

Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àwọn tó ṣáájú wa ti mọ̀ pé aṣọ òkè lè jẹ́ ti iyì síbẹ̀ kó fúyẹ́. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ka ẹ̀wù ńlá mẹ́ta tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀: sulíyà, agbádá àti gírìkẹ̀. Ó ní sulíyà ló kéré jù, òun ló sì fúyẹ́ jù, aṣọ funfun ni wọ́n sì fi ń rán an. Ẹ rí i pé àwọn baba wa kò fi ìwúwo aṣọ nìkan díwọ̀n iyì. Èyí tó wúwo wà fún ọjọ́ rẹ̀, èyí tó fúyẹ́ náà sì wà fún ọjọ́ tirẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn àgbẹ̀ wa tó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí. Wọn kì í ṣí ara sílẹ̀ fún oòrùn. Ẹ̀wù òwú ọlọ́wọ́ gígùn tó ti gbó, tó sì tóbi díẹ̀, ni wọ́n ń wọ̀ lọ sóko. Aṣọ náà ń dá oòrùn dúró, atẹ́gùn sì ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ooru kò gba ẹ̀wù òkè rárá kò tíì bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ rí. Irú ẹ̀wù tí yóò jẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àríyànjiyàn yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1894, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Èkó tó ń jẹ́ David Vincent pa orúkọ òyìnbó tì, ó di Mọ́jọlà Agbébì. Ó bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ náà, aṣọ ilẹ̀ wa ló sì ń wọ̀ títí tó fi kú ní 1917, kódà nígbà tó rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun. Ní 1973, Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta tó múlé ti Ìbàràpá, gbé àwo Gentleman jáde. Níbẹ̀ ló ti fi ọmọ Áfíríkà tó di kóòtù àti táì mọ́ra nínú oòrùn ṣe yẹ̀yẹ́. Bíbélì pàápàá kò dákẹ́. Nínú ìwé Ìsíkíẹ́lì orí 44, aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n ní kí àwọn àlùfáà wọ̀ bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ nínú àgbàlá, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má wọ ohun tí yóò mú wọn làágùn. Bí àlùfáà kò bá gbọ́dọ̀ làágùn níwájú Ọlọ́run, kí ló dé tí olùkọ́ fi gbọ́dọ̀ làágùn níwájú ọmọ JSS 2?

Bí a ṣe ń yan èyí tó fúyẹ́

Ẹ má fi ojú nìkan yan kóòtù. Àwọn ohun tí a máa ń wò nìyí.

Èkíní ni aṣọ tí wọ́n fi rán an. Òwú dára. Ọ̀gbọ̀ náà dára, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní línẹ́nì. Ọ̀gbọ̀ máa ń rún, ẹ jẹ́ kó rún, bí ìwà rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹ gbé aṣọ náà sókè sí oòrùn: bí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ bá yọ láàárín òwú rẹ̀, atẹ́gùn náà yóò rí ọ̀nà gbà. Ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ yín: bí ọwọ́ yín kò bá mọ nǹkan kan lára, ẹ gbé e sílẹ̀. Bí ẹ bá ń ra aṣọ lọ́pá, ẹ ní kí ìyá aláṣọ fún yín ní òwú kan láti etí rẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi á jó bíi bébà, á sì di eérú. Pọ́lísítà á yọ́, á sì di kóró líle.

Èkejì ni láínì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa kì í wò rárá, ibẹ̀ sì ni ooru ń gbé. Jákẹ́ẹ̀tì tó dára jù fún oòrùn kì í ní láínì. Bó bá máa ní, kó jẹ́ ní èjìká àti ní ọwọ́ nìkan, kí apá lè máa yọ̀ wọlé. Bí télọ̀ bá ń rán an fún yín, ẹ tètè sọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi láínì sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má sì fi fóòmù sí èjìká." Wọn lè kọ́kọ́ wò yín bíi pé owó yín ni kò tó. Ẹ ṣàlàyé fún wọn. Nígbà tí kò bá sí láínì, ojú ìránṣọ inú á máa hàn, nítorí náà ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ká etí rẹ̀ mọ́ra dáadáa kó má baà máa tú. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ó sì yẹ ká sanwó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni bó ṣe rí lára. Kóòtù tó fún pinpin, bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nínú fọ́tò, kò láàyè fún atẹ́gùn. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín lè wọ àárín jákẹ́ẹ̀tì àti ṣẹ́ẹ̀tì nígbà tí bọ́tìnnì bá wà ní dídì. Kí wọ́n là á ní ẹ̀yìn nísàlẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ń gun ọ̀kadà. Àpò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lóde dára ju èyí tí wọ́n gbẹ́ sínú lọ, nítorí pé àpò inú ń fi aṣọ kún aṣọ.

Ẹ̀kẹrin ni àwọ̀. Dúdú ń gba oòrùn mọ́ra. Funfun kò gba oòrùn, ṣùgbọ́n eruku pupa ojú ọ̀nà wa kì í bò ó láṣìírí. Àwọ̀ eérú, àwọ̀ eruku àti aró tí kò kún jù ni ó bá wa lára mu.

Ọ̀rọ̀ bọ́síkọ́nà wá ńkọ́? A kò ní tan ara wa, ibẹ̀ ni owó wa mọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ kóòtù tó wà nínú bélì, ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n rán an fún. Ẹ ṣí inú rẹ̀ kí ẹ tó ná an. Bí aṣọ ìta rẹ̀ bá jẹ́ òwú tó dára, ẹ lè rà á, kí ẹ gbé e fún télọ̀ kó yọ láínì ẹ̀yìn rẹ̀ àti fóòmù rẹ̀ kúrò. Owó díẹ̀ ni, kóòtù yẹn á sì di ẹni tuntun.

Àárín Abẹ́òkúta àti Ìṣẹ́yìn la wà

Ẹ wo ibi tí Ọlọ́run fi Ìbàràpá sí. Bí a bá kọrí sí ìsàlẹ̀, Abẹ́òkúta là ń lọ, níbi tí àwọn ìyá aláàdìrẹ wà ní Ìtòkú. Bí a bá kọrí sí òkè, Ìṣẹ́yìn là ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń hun òfì. Àárín aláró àti ahunṣọ la kọ́lé sí, síbẹ̀ bí a bá ń wá ẹ̀wù iṣẹ́, inú bélì òkè òkun la ń tọwọ́ bọ̀.

Àdìrẹ orí òwú, tí télọ̀ rán ní jákẹ́ẹ̀tì aláìníláínì, jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó bá oòrùn wa mu jù. Ẹ yan èyí tí àwòrán rẹ̀ kéré tí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan, kó má baà jọ aṣọ òde ìgbéyàwó. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Àdìrẹ tí wọ́n rẹ nínú aró máa ń mú àwọ̀ dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí lára sábà máa ń ràn ní ẹ̀yìn. Ẹ dá a fọ̀, ẹ sì sá a sí ibòji. Òfì ní tirẹ̀ wúwo. A kò ní fi gbogbo rẹ̀ rán kóòtù ọ̀sán, ṣùgbọ́n ó dára ní ọrùn jákẹ́ẹ̀tì tàbí ní ojú àpò. Gèlè kò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò sì dà bíi kó yẹni. Bẹ́ẹ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì náà rí.

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í ṣe aṣọ iṣẹ́"

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí. Lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀kan nínú wa wọ jákẹ́ẹ̀tì àdìrẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí a kò ní dárúkọ. Ó lọ̀ ọ́, ó dì í ní bọ́tìnnì, ó wọ ṣòkòtò dúdú àti bàtà tó ń dán sí i. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní kò múra bí olùkọ́. Ó lọ yá kóòtù dúdú, àkókò iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì ti kọjá kó tó dé. Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà ni aṣọ wíwọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Máàkì ni a ń sọ yìí o, kì í ṣe fáàrí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò lówó kóòtù lè gba máàkì tó kéré ju ti ẹni tó ní i, bí wọ́n tilẹ̀ mọ iṣẹ́ dọ́gba.

A mọ èsì tí àwọn kan máa fọ̀. Wọ́n á ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, pé báńkì àti iléeṣẹ́ ńlá kóòtù ni wọ́n ń fẹ́, pé ó dára kí ọmọ tètè mọ́ ọn lára. Òótọ́ wà níbẹ̀. A kò ní kẹ́nikẹ́ni wọ àdìrẹ lọ síbi tí wọ́n ti kọ kóòtù dúdú sínú ìwé. Ẹ ní ẹyọ kan tí láínì rẹ̀ kò ju ìdajì lọ, kí ẹ gbé e kọ́ dè irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá báńkì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Kíláàsì tí páànù rẹ̀ gbóná lórí ọmọ púpọ̀, tí iná kò sí, kì í ṣe báńkì. Òfin tó bá ibì kan mu lè jẹ́ ìyà níbòmíràn.

Ní ti pé ẹ̀wù tó fúyẹ́ kò lè níyì, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ni ẹ máa bá wa jẹ́rìí. Ẹ̀wù wo ni gbogbo ìdílé máa ń fẹ́ bá ọmọ wọn ya fọ́tò nínú rẹ̀ bó bá parí yunifásítì? Jákẹ́ẹ̀tì kàkí àgùnbánirọ̀ ni. Láti 1973 tí wọ́n ti dá ètò náà sílẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sin ilẹ̀ baba wọn. Kò ní láínì, kò ní fóòmù, kò sì ní táì. Kàkí fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wá láti ilẹ̀ Íńdíà ni, ó túmọ̀ sí aláwọ̀ eruku. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun òyìnbó ti rí i pé aṣọ ìlú wọn kò ṣeé wọ̀ nínú ooru, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Bí òyìnbó bá lè pa aṣọ òyìnbó tì nítorí oòrùn, kí ló ń dá àwa dúró?

Àwọn ìjọba mìíràn náà ti gbọ́n sí i. Ní 2005, ìjọba ilẹ̀ Jàpáànì bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Cool Biz. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ kóòtù àti táì sílẹ̀ ní ìgbà ooru, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ amúlétutù sí ìwọ̀n 28, kí iná má baà máa ṣòfò. Ní 2004, ìjọba Gánà bẹ̀rẹ̀ ètò aṣọ ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa wọ aṣọ ilẹ̀ wọn lọ síbi iṣẹ́. Iṣẹ́ kò dúró ní Tokyo, iṣẹ́ kò sì dúró ní Accra.

Ohun tí a ń béèrè

Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Kí àwọn tó ń kọ òfin ìmúra fún akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ fi gbólóhùn kan kún un: jákẹ́ẹ̀tì tó mọ́, tó sì bá ara mu, yálà àdìrẹ ni wọ́n fi rán an tàbí òwú mìíràn, aṣọ iṣẹ́ ni. Kí àwọn alábòójútó máa wo bí ẹ̀kọ́ ṣe yé àwọn ọmọ kí wọ́n tó wo bọ́tìnnì. Kí àwa náà, tí à ń fi èdè Yorùbá gboyè, má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò máa kọ́ni ní àṣà lẹ́nu nígbà tí òógùn pọ́lísítà ń já lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ ní Ìbàràpá fún iṣẹ́ olùkọ́, ẹ lọ bá télọ̀ kí àsìkò tó dé, ẹ sì ní kó má fi láínì sí i. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti alábòójútó, ọwọ́ yín ni gbólóhùn kan yẹn wà. Ṣé ẹ máa bá wa kọ ọ́?